Bí Pẹ́dálì Bíréèkì Bá Le, Ìyẹn Ò Sọ Pé Bíréèkì Lágbára

Níbi táwọn tó fẹ́ràn mọ́tò sípọ́ọ̀tì bá ti pàdé l'Ékòó, yálà ní Lẹ́kí ni o, tàbí ní Sùúrùlérè, kì í pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, "Mo ti pààrọ̀ másítà mi, bíréèkì mi ti le bí òkúta báyìí." Inú rẹ̀ á máa dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti lọ sí Ládípọ̀, ó ti ra másítà tòkunbọ̀ (sìlíńdà tí pẹ́dálì ń tẹ̀ kó lè ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sídìí táyà) tí wọ́n tú lára jíìpù ńlá, mẹkáníìkì ti bá a dè é, pẹ́dálì ò sì rì mọ́lẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ yẹn ti ń pẹ́ kó tó dúró ju bó ṣe wà kó tó náwó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀, torí ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí táyà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ibi tí ẹ̀mí wà nìyẹn. Ẹni tó ń sáré bọ̀ láti Òwòrónṣókí lórí afárá Third Mainland, tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Àdèlé, tó wá ṣàdédé bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú, ẹ́ńjìnnì tó fowó ńlá tún ṣe ò ní gbà á sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀hún àti dísìkì, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, ló máa gbà á. Ohun tó sì yẹ kó yé èèyàn kó tó fọwọ́ kan pẹ́dálì tàbí másítà ò le rárá. Ìṣirò kan ṣoṣo ni: agbára tí ẹ bá rí gbà, ẹ ó fi ìrìn ẹsẹ̀ san án.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, ẹ ra síríǹjì méjì, ọ̀kan kékeré tó ń gba mílílítà 2, èkejì tó ń gba 10. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹnu wọn dànù, ẹ rọ omi kún inú wọn, kí ẹ sì fi rọ́bà dírípù so ẹnu wọn pọ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò ti èyí kékeré. Èyí ńlá á yọ díẹ̀díẹ̀, kò ní rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìka dá a dúró á làágùn. Ẹ yí i padà, kí ẹ ti èyí ńlá. Èyí kékeré á fò jáde lọ jìnnà, ìka kan ló sì máa dá a dúró. Omi kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Nínú ọkọ̀, másítà ni síríǹjì tí ẹ ń tì, kálípà tó ń fi páàdì di dísìkì mú nídìí táyà ni èyí tó ń yọ, ọ́ìlì bíréèkì ló sì wà nípò omi. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé omi tí a bá tẹ̀ níbi tí kò ti rọ́nà jáde, gbogbo ara ibi tó wà ló máa ń tẹ̀ bákan náà. Malcolm Loughead, ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di bíréèkì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1921, Duesenberg ti gbé ọkọ̀ jáde tí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ wà nídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí ọ́ìlì tó kàn án, pẹ́dálì ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pá ni pẹ́dálì: ó ní ibi tó so rọ̀ sí, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, irin tó ń ti másítà sì so mọ́ ọn láàárín. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tó so rọ̀ sí dé àárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ibi tó so rọ̀ sí yẹn kan náà dé ibi tí irin másítà ti bọ̀ ọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, tí èkejì jẹ́ 5, ẹ fi 5 pín 30, ó di 6. Ìyẹn ni pé kílò kan láti ẹsẹ̀ yín á di kílò mẹ́fà lẹ́yìn másítà, bí ìgbà tí fọkanáísà bá fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà kó tó lè tú nọ́ọ̀tì tó ti gan. Àmọ́ ẹsẹ̀ á rin sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà kí másítà tó rin ẹyọ kan. Pẹ́dálì ọkọ̀ tó ní búsítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, máa ń wà ní nǹkan bí 4. Ti ọkọ̀ tí kò ní búsítà máa ń sún mọ́ 6.

Ó wá kan másítà. Ká ní ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára kílò 30, pẹ́dálì sọ ọ́ di ìlọ́po 6, kílò 180 ló dé ẹ̀yìn písítíìnì, ìyẹn irin tó ń rìn nínú ihò másítà láti ti ọ́ìlì. Bí ihò másítà bá jẹ́ ínṣì 5/8, ojú písítíìnì rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1.98 lọ. Ẹ fi í pín 180: pírẹ́ṣọ̀ inú ọ́ìlì jẹ́ kílò 91 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí ihò náà bá jẹ́ 3/4, ojú rẹ̀ di 2.85, pírẹ́ṣọ̀ bọ́ sí 63. Bó bá wá jẹ́ ínṣì 1 gbáko, ojú rẹ̀ di 5.07, pírẹ́ṣọ̀ ò sì ju 35 àti ààbọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ò yí padà o, pẹ́dálì ò yí padà. Másítà tó tóbi ló gbé agbára lọ.

Kí ló wá dé tó fi ń le lẹ́sẹ̀? Torí pé písítíìnì ńlá ń ti ọ́ìlì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tó bá rin sẹ̀ǹtímítà kan péré, ó ti rán mílílítà 5.07 lọ sí kálípà, nígbà tí kékeré oní-5/8 rán 1.98. Páàdì á ti kan dísìkì kí ẹsẹ̀ tó rìn jìnnà, láti ìgbà náà lọ kò síbi tí pẹ́dálì tún fẹ́ gbà, ó wá di òkúta. Líle yẹn ń sọ fún yín pé páàdì ti kan dísìkì. Kò sọ bó ṣe dì í mú tó.

Àṣejù wà lápá kejì náà. Ẹni tó fi kálípà ńlá onípísítíìnì mẹ́rin tàbí mẹ́fà síwájú, tó wá gba másítà kékeré nítorí agbára, lè rí i pé pẹ́dálì ti kan ilẹ̀ kí ọ́ìlì tó kún kálípà. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n mú másítà tó kéré jù lọ nínú èyí tó ṣì máa jẹ́ kí pẹ́dálì dúró dáadáa kó tó kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ arákùnrin tó lọ sí Ládípọ̀. Kì í ṣe másítà nìkan ló yí padà lára ọkọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Búsítà, ìyẹn agolo dúdú rìbìtì tó wà lẹ́yìn másítà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn mọ́ra ló fi ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi káàmù eré ìje (irin tó ń ṣí falifu ẹ́ńjìnnì) sí kì í fa atẹ́gùn dáadáa tó bá ń sinmi, ìrànlọ́wọ́ búsítà á wá máa ṣe ségesège. Nígbà míì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wọlé ti tóbi jù, kò sáyè fún agolo náà mọ́. Wọ́n á yọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi pẹ́dálì oní-4 sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á sì gbé másítà ínṣì 1 tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ọkọ̀ tó ní búsítà sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: 30 lọ́nà 4 jẹ́ 120, ẹ fi 5.07 pín in, ó jẹ́ 23 àti díẹ̀. Ọkọ̀ tó máa dúró lójú ẹsẹ̀ nílò nǹkan bí 70. Ibi tí pẹ́dálì òkúta ti wá gan-an nìyí, kò sì sí páàdì olówó gọbọi tó máa dí àlàfo yẹn.

Ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn ra pedal box nìyẹn. Wilwood àti Tilton ní Amẹ́ríkà ń ṣe é, AP Racing náà ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń kó pẹ́dálì bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ láti fi yí jíà, sórí férémù irin kan, pẹ́dálì bíréèkì á sì ní másítà méjì dípò ẹyọ kan: ọ̀kan fún táyà iwájú, ọ̀kan fún ti ẹ̀yìn. Ní ọkọ̀ ojú títì, másítà ẹyọ kan ló ní písítíìnì méjì tó tò tẹ̀ léra nínú ihò kan ṣoṣo, kí apá kan lè máa ṣiṣẹ́ bí apá kejì bá jò. Òfin Amẹ́ríkà ti sọ irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ di dandan láti ọdún 1968.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Nínú másítà onípísítíìnì àtẹ̀léra, gbogbo agbára pẹ́dálì ló ń dé ọ̀dọ̀ písítíìnì méjèèjì. Nínú pedal box, ńṣe ni másítà méjèèjì pín agbára náà láàárín ara wọn. Ẹni tó yọ ẹyọ kan oní-ínṣì 1, tó wá ra méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ínṣì 1, ti pín pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ sí méjì, ó sì ti fi owó ra á. Méjì oní-0.7 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹyọ kan oní-ínṣì 1 dọ́gba ní ti pírẹ́ṣọ̀, ìwọ̀n 0.7 yẹn sì wà lọ́jà.

Irin tó ń pín agbára náà ni wọ́n ń pè ní balance bar. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i dáadáa. Ọ̀pá kékeré ni, ó gba inú páìpù tó wà lára pẹ́dálì kọjá, béárìn rìbìtì kan sì gbé e dúró láàárín kó lè máa yí síbí yí sọ́hùn-ún. Ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni irin másítà iwájú àti ti ẹ̀yìn so mọ́. Tí ẹ bá yí ọ̀pá náà tí béárìn fi sún mọ́ irin másítà iwájú, iwájú á gba agbára tó pọ̀ jù. Tó bá sún mọ́ ti ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á gbà jù. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí rẹ̀, ó lè dagun díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gírígírí, ó gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, láìyà sápá kan. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì kí ọ̀pá náà lè máa yí fàlàlà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ra pinpin nítorí pé ó ń mì, tí mẹkáníìkì rò pé mímì náà ni àléébù. Ọ̀pá tí kò lè yí kò lè pín nǹkan kan. Tí ọ́ìlì apá kan bá sì jò tán, apá kejì ò ní rí agbára tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí ìpín yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ìwúwo ọkọ̀ máa ń ya síwájú bó bá ń dúró, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí táyà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ìyẹn ni pé tí kò yí mọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yọ síwájú orí, ọkọ̀ á pòyì. Bí ti iwájú bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ á máa wọ́ lọ tààrà; kò dáa, ṣùgbọ́n ó sàn ju pípòyì lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé ìpín náà síwájú, kẹ́ ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Falifu tí ilé iṣẹ́ fi dín bíréèkì ẹ̀yìn kù náà gbọ́dọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan méjì á máa ṣe iṣẹ́ kan, ẹ ò sì ní mọ èyí tẹ́ ẹ ń yí.

Àbúrò kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ABS wà lára ọkọ̀ mi, ṣé mo lè fi pedal box sí i?" Mo ní kó fi pedal box sílẹ̀. ABS ni ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ bíréèkì gírígírí. Kọ̀ǹpútà ABS ti mọ bí bíréèkì ọkọ̀ yẹn ṣe pín láti ilé iṣẹ́, ẹni tó bá wá ń fọwọ́ yí ìpín ọ̀hún ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Fún ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Fikitóríà Áílàǹdì láàárọ̀, tó tún ń gba inú òjò bọ̀ lálẹ́, ABS tó ń ṣiṣẹ́ níye lórí ju pẹ́dálì tó rẹwà lọ. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì, họ́ọ̀sì àti páàdì tuntun ló fi owó náà rà.

Pẹ́dálì tó dúró lórí ilẹ̀ wà, èyí tó rọ̀ láti òkè náà wà. Èyí orí ilẹ̀ dáa lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n másítà rẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju kálípà lọ, ọ́ìlì á fẹ́ ṣàn padà, ẹ ó sì nílò falifu kékeré tó ń dá pírẹ́ṣọ̀ díẹ̀ dúró sínú páìpù: psi 2 (pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan) fún bíréèkì onídísìkì, 10 fún bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù. Omi títì Lẹ́kí àti Ajah lásìkò òjò náà ò ní ṣàánú béárìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí òkè ni mo fara mọ́ l'Ékòó.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, irin tí ẹ dè é mọ́ gbọ́dọ̀ le. Kí ẹnì kan jókòó, kó tẹ bíréèkì gírígírí, kí ẹ̀yin wà níta kẹ́ ẹ máa wo irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Tó bá ń tẹ̀ wọlé tẹ̀ jáde bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, irin yẹn ń jẹ nínú agbára yín. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ fi páálí irin tó nípọn lé e kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí másítà.

Ti kílọ́ọ̀ṣì, ìṣirò náà ni, àmọ́ ìrìn ló ṣe kókó níbẹ̀ ju agbára lọ. Másítà òkè ń ti sìlíńdà ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá jẹ́ 5/8, tí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 3/4, mílímítà 25 tí ti òkè bá rìn máa di nǹkan bí 17 nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi 3/4 sókè, ti ìsàlẹ̀ á rin 25 gẹ́ẹ́. Bí ìrìn náà bá kéré jù, kílọ́ọ̀ṣì ò ní tú tán, jíà á máa han. Bó bá pọ̀ jù, ó lè ti sìlíńdà ìsàlẹ̀ kọjá àyè rẹ̀ títí ọ́ìlì á fi tú jáde, tàbí kó ba kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi bóòtù ìdádúró sẹ́yìn pẹ́dálì, níbi tí jíà bá ti wọlé wẹ́rẹ́ pẹ̀lú àlékún díẹ̀, kí pẹ́dálì má lè kọjá ibẹ̀. Ẹ sì rántí Ìkòròdú Road nírọ̀lẹ́: kílọ́ọ̀ṣì tó wúwo tó dùn ún tẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di ìyà lẹ́sẹ̀ òsì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi. Nọ́ńbà DOT tó wà lára agolo rẹ̀ ló ń sọ irú tó jẹ́. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ lè fara da ooru tó 205°C kó tó hó. Tó bá ti fa omi, ìwọ̀n yẹn lè bọ́ sí 140. DOT 4 jẹ́ 230 àti 155, DOT 5.1 jẹ́ 260 àti 180. Ọ́ìlì tó bá hó di èéfín, èéfín sì ń fún pọ̀, pẹ́dálì á kàn wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ra agolo tí wọ́n ti ṣí, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ DOT 5 tàn yín jẹ: sílíkóònù ni, kò gbọ́dọ̀ pò mọ́ àwọn yòókù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti sítíárìn ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, torí á mú kí rọ́bà inú másítà wú. Páìpù kọ́pà àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe páìpù bíréèkì. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun lára dáa, torí kì í wú bíi ti rọ́bà lásán.

Ẹ máa gbọ́ ohùn ọ̀gá láti abẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní Múṣin: "Pọ́ǹpù ẹ̀! Tún pọ́ǹpù ẹ̀! Dì í mú!" Ọmọṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀gá á tú nípù, ìyẹn bóòtù kékeré tí atẹ́gùn ń gbà jáde lára kálípà, díẹ̀, atẹ́gùn á jáde pẹ̀lú ọ́ìlì. Lára pedal box, ọmọṣẹ́ kan ò tó. Bí ẹ bá tú nípù táyà iwájú nìkan, apá yẹn á rọ̀, balance bar á dagun, másítà ẹ̀yìn ò sì ní rìn tán. Nípù iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan ni kẹ́ ẹ tú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn méjì nísàlẹ̀, ẹnì kan lókè, títí ọ́ìlì tó ń bọ̀ ò fi ní ìfófòó kankan mọ́.

Ẹ dán an wò níbi tí kò séèyàn, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má sáré. Kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókèèrè, kó máa wo táyà tó kọ́kọ́ há. Bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ tán, ẹ fi pẹ́ńtì funfun fa ìlà kọjá lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ti ń wà á, ẹ tún wò wọ́n: nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ ti yà kúrò lára ti irin ti ń tú, ẹ fún un padà. Ẹ ká rọ́bà ẹnu másítà sókè, ẹ ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìka bá jáde tútù, ọ́ìlì ti ń kọjá rọ́bà inú, másítà yẹn sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún jáde.